Bí a ṣe ń wá oníṣẹ́ ọnà rí lójú ìrìn àjò: láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síwájú

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá dé ìlú Ọ̀yọ́ a máa yà sí ọjà Akẹ̀sán, wọn a ra igbá fínfín kan tàbí àpò aláwọ kan, wọn a sì wọkọ̀ padà. Bí ẹ bá bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé ta ló fín igbá ọ̀hún, wọn ò ní lè sọ. Wọ́n á ní, "Ará Ọ̀yọ́ ni." Ó máa ń dùn mí, nítorí ẹni tó jókòó ti igbá yẹn lórúkọ, ó ní ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ọwọ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà, tó sì fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣe é ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, àti torí pé láti ibẹ̀ lẹ lè gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Òṣogbo tàbí ọ̀nà Ìlọrin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ ò lè lọ kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ mú irú iṣẹ́ kan pere kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo "iṣẹ́ ọnà," gbogbo rẹ̀ ni yóò rí, kò sì ní rántí ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń wá àwọn tó ń fín igbá, tàbí àwọn tó ń ṣe ìlù dùndún, ará ìlú á mọ ibi tí wọ́n máa nawọ́ sí fún un. Àwọn ènìyàn wa kì í fi àlejò tó mọ ohun tó ń wá sílẹ̀ láìràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀yọ́ ti lọ kírun. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó ti bá ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ bá oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì dé kí oòrùn tó mú.

Bí ó bá jẹ́ pé oṣù Kẹjọ lẹ máa lè ráyè, ẹ fi ìrìn yín sí àsìkò ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ọdún 2023 ni àjọ UNESCO kọ ọdún náà sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹni tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà ni pé àsìkò yẹn ni ẹ ó rí oṣé, ọ̀pá gbígbẹ́ ti Ṣàngó, lọ́wọ́ ẹni tó ń jó, tí ẹ ó rí làbà, àpò awọ, léjìká adóṣù, ìyẹn olùsìn Ṣàngó, tí ẹ ó gbọ́ ìlù bàtá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, oṣé kan náà á wà nínú gíláàsì, láìní ijó, láìní ìlù. Ẹni tó bá ti rí i lọ́wọ́ oníjó yóò mọ ìdí tí orí rẹ̀ fi ní apá méjì tó dọ́gba, tí ìdí rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn oníṣẹ́ ò ní ráyè bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ wo ọdún lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ padà lọ bá oníṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti ìpàtẹ inú gálárì, ẹ má gbára lé pátákó ẹ̀bá ọ̀nà. Orí Instagram àti Facebook ni wọ́n ń gbé ìkéde sí báyìí, ìpàtẹ kan sì lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ṣí àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó o kúrò.

Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: ìwé kékeré kan, bírò, ògbólógbòó aṣọ tí ẹ lè fi wé nǹkan, àti owó lọ́wọ́. Tiránsífà wà níbi gbogbo, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì kì í sábà wà lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́: ẹ wọ agbo ilé

Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ ti àtijọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Ààfin tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ nílò òpó gbígbẹ́, ìlù, ìjánu ẹṣin, tìmùtìmù, igbá tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún ọba àti àlejò ọba. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ fi rọ̀gbà yí ààfin ká títí dòní, tó sì fi jẹ́ pé agbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Kí ẹ tó máa wá ilé tí wọ́n kọ "gálárì" sí lára, ẹ mọ̀ pé ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yìnkùlé ni gálárì wà.

Ọjà Akẹ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó wà níwájú ààfin. Iná jó o ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti tún un kọ́. Bí ẹ bá ti dé ìdí ìsọ̀ àwọn tó ń ta igbá àti awọ, ẹ kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ẹ gbé igbá kan, ẹ yí i po lọ́wọ́, kí ẹ wá béèrè pé, "Ta ló fín èyí, mà?"

Ẹ ò gbọdọ̀ fi "èló ni?" ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ owó bá ti kọ́kọ́ jáde, ọjà lẹ wá rà nìyẹn, ìdáhùn tí ẹ ó sì gbà kò ní ju ti ọjà lọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ lẹ kọ́kọ́ béèrè, oníṣòwò náà á wò yín lójú lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan á ní àwọn ò mọ̀, pé alágbàtà ló gbé e wá. Ẹ dúpẹ́, ẹ bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Láìpẹ́ ẹ ó bá ẹni tó máa sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ilé wa ò jìnnà." Ìlẹ̀kùn yín ti ṣí nìyẹn.

Bí wọ́n bá fi ọmọ kan ṣíwájú yín, ẹ fún un ní nǹkan tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ má wọlé kí ẹ máa ya fọ́tò kiri. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ kí bàbá, ẹ kí ìyá, ẹ sọ orúkọ yín àti ìlú tí ẹ ti wá, kí ẹ sì sọ pé iṣẹ́ wọn lẹ rí lọ́jà tó wù yín tí ẹ fi ní kí ẹ wá kí wọn. Mo ti rí bí ojú àgbàlagbà ṣe máa ń tàn bó bá gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fín igbá fún ogójì ọdún láìjẹ́ pé ẹni tó rà á wá ilé wọn wá rí.

Ẹ wá jókòó wo iṣẹ́. Igbá tó ti gbẹ dáadáa ni wọ́n ń là, wọ́n á kó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á ha èèpo òkè rẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kékeré fa ìlà sí i. Ẹ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ láìsí àmì pẹ́ńsù kankan lára igbá. Ẹ wo ibi tí ìlà ti pàdé ìlà lẹ́yìn tó ti yí igbá po: ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ọ̀gá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, àlàfo á ṣẹ́kù fún un níbi ìpàdé, tàbí kí ó fi ẹyẹ kan dí i. Ọ̀gá ti pín igbá náà ní ojú ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, ọnà náà á sì pàdé ara rẹ̀ láìsí ojú àpá.

Ní ti awọ, ẹ béèrè làbà Ṣàngó kódà bí kì í bá í ṣe òun lẹ fẹ́ rà. Àpò awọ tí àwọn adóṣù fi ń kó ẹdùn àrá ni. Ojú mẹ́rin ló máa ń wà níwájú rẹ̀, àmì kan náà á sì wà ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé awọ kan lé orí awọ kejì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á mú abẹ, á gé díẹ̀ fún yín lójú ara yín. Àwọn tìmùtìmù àti àpò tí wọ́n ń kó lọ sí Èkó, inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti jáde.

Bí ó bá sì jẹ́ ìlù lẹ wá, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe é lù ú. Ẹ wo bí ọ̀sán tó so awọ méjèèjì pọ̀ ṣe ń fún bí ó bá fi apá tẹ̀ ẹ́, tí ohùn á sì gòkè. Ẹ béèrè ìyàtọ̀ láàárín ìyáàlù àti gángan, àti ìdí tí ìyáàlù fi ń wọ ṣaworo. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè gba gbogbo ọ̀sán, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń gbà yín níyànjú láti má ṣe gbàgbé níbikíbi tí ẹ bá dé. Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ, orúkọ tí bàbá sọ oníṣẹ́ náà àti agbo ilé rẹ̀, kí ẹ sì ní kó bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kó pè é kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ á mú yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ṣì wà láyé, tàbí sọ́dọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá tó ti lọ. Ìkẹta: èwo nínú àwọn iṣẹ́ yín lẹ ò fẹ́ tà? Ohun tí wọ́n máa mú jáde láti inú yàrá nígbà yẹn ló máa ń dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ náà. Ìkẹrin: ta ló tún mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, nílùú yìí tàbí nílùú mìíràn? Oníṣẹ́ ọnà ló mọ oníṣẹ́ ọnà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìdáhùn ìkẹrin yìí láti ilé dé ilé, ẹ ó rí àwọn ènìyàn tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Kí ẹ tó kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹ yà sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ẹ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé òpó àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ lẹ fẹ́ wò. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ dé ni kí ẹ dé. Ẹ ṣí fìlà, kí ẹ má sì ya fọ́tò láìgba àyè.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ wá àwọn ọ̀dọ́

Ohun tí ẹ ó bá ní Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wà ní LAUTECH, ifásitì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yíya àwòrán, iṣẹ́ ère, amọ̀, aṣọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka náà, ẹ bi akọ̀wé ìgbà tí àwọn tó ń ṣe àṣekágbá máa pàtẹ iṣẹ́ wọn. Ìpàtẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìpàtẹ, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Oníṣẹ́ ọnà náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, yóò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó sì rí ohun tí ọmọ ọdún méjìlélógún ń rò nípa ìlú yìí. Lára wọn ló máa di ẹni tí a ó máa sanwó ńlá láti rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la.

Bí kò bá sí ìpàtẹ lásìkò náà, ẹ béèrè bóyá ẹ lè wo yàrá iṣẹ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì wọṣọ tí ẹ ò bínú bí ọ̀dà bá kàn án.

Àsìkò egúngún náà jẹ́ ìpàtẹ fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wò ó. Aṣọ egúngún, iṣẹ́ ọwọ́ aránṣọ ni, ìpele aṣọ lórí ìpele, ọdún lórí ọdún. Ẹ dúró níbi tí wọ́n bá ní kí àlejò dúró, kí ẹ fi fóònù sápò títí wọ́n á fi gbà yín láyè.

Bí a ṣe ń wo ìpàtẹ inú gálárì

Bí ẹ bá dé Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ ó bá gálárì pàdé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo láyé: ògiri funfun, iná, káàdì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà, wọ́n rò pé àwọn tó lówó nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn, ẹ ní ẹ wá wòran. Kò sẹ́ni tó máa fi agbára tà á fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí gbogbo yàrá po láìka káàdì kankan. Ẹ kàn máa wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sídìí mẹ́ta péré tó mú yín lójú, kí ẹ dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́ títí, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ka káàdì: orúkọ oníṣẹ́ ọnà, orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun tó fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì pupa kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti rà á nìyẹn. Ìwé iye owó sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò burú láti béèrè rẹ̀ bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní í rà. Ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, kí ẹ sì pa iná kámẹ́rà.

Ọjọ́ ìṣíde ìpàtẹ dára fún ẹni tó fẹ́ rí oníṣẹ́ ọnà lójúkojú, kò dára fún ẹni tó fẹ́ wo iṣẹ́ torí èrò á pọ̀. Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì pàdé oníṣẹ́ náà, ẹ má fi "kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán náà, apá ibo ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹnikẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ló lè dáhùn ìyẹn, ìtumọ̀ á sì jáde fúnra rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ẹ dé Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìṣọ̀kan ní Aléṣinlóyè, kí ẹ sì wá ilé ìjọsìn Dominican tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ tó sì kọ́. Nwoko yìí ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Góòlù fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice lọ́dún 2023, Ìbàdàn ló sì kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Ní Èkó, gálárì alájà márùn-ún ti Nike Davies-Okundaye wà ní Lẹ́kí, Mùsíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon tí wọ́n ṣí ní 2019 wà nínú ọgbà Ifásitì Pan-Atlantic, ART X, ọjà ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, sì máa ń wáyé lápá ìparí ọdún láti 2016.

Òṣogbo, tí mo fẹ́ kí ẹ lo ọjọ́ méjì ní

Bí ó bá jẹ́ ìlú kan péré lẹ lè dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo ni kó jẹ́. Lọ́dún 1962, Dúró Ládipọ̀, eléré orí ìtàgé, yí ilé ọtí rẹ̀ padà di ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀. Láàárín ọdún yẹn sí 1964, Ulli Beier, Denis Williams àti Georgina Beier ṣe ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ọlọ́jọ́ díẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Àwọn tó wọlé, eléré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ẹgbẹ́ Ládipọ̀: Muraina Oyelami, Adebisi Fabunmi, Rufus Ogundele. Jimoh Buraimoh ló ń tọ́jú iná orí ìtàgé, òun ló sì wá fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Twins Seven-Seven, oníjó ni kó tó di ayàwòrán. Asiru Olatunde, alágbẹ̀dẹ ni, ó ń lu bàbà àti alúmíníọ̀mù di àwòrán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì dé gbogbo ayé.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ ní Òṣogbo ju ibikíbi lọ. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló wà tí wọ́n ń ta àwòrán tó jọ ti àwọn àgbà wọ̀nyí. Àwọn kan jẹ́ ti ọmọ wọn tàbí ẹni tí wọ́n kọ́. Àwọn kan, ẹnìkan kàn wo ti ẹlòmíràn yà á ni. Méjèèjì ló ní ìwúlò, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà. Ẹ yí àwòrán náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó yà á àti ìbátan rẹ̀ sí ẹni tí ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dé orílẹ̀-èdè wa ní 1950, tó sì kú ní oṣù Kìíní 2009, lẹ ó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń mú yín kiri. Òun nìkan kọ́ ló ṣe àwọn ère àti ojúbọ inú igbó náà. Ẹ béèrè orúkọ àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére tó bá a ṣiṣẹ́. Adebisi Akanji, tó fi símẹ́ǹtì ṣe ògiri àti ère níbẹ̀, bíríkìlà ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kasali Akangbe gbẹ́ òpó tó gbé òrùlé. Ẹ ní kí wọ́n fi apá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe hàn yín, ẹ ó rí i pé ọwọ́ wọn yàtọ̀.

Lọ́sàn-án, ẹ lọ wo àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ní ilé iṣẹ́ Nike. Bí ẹ bá bá aláró nídìí ìkòkò aró, "Àrẹ̀dú o!" ni kí ẹ fi kí wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ pákí sára aṣọ funfun: ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọlé. Ẹ béèrè irú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ ó sì rí òpó Gbọ̀ngàn Màpó lára aṣọ.

Ọjọ́ kejì, ẹ yà sí Ìrágbìjí. Muraina Oyelami, ọmọ ibẹ̀, onílù àti ayàwòrán, ló dá Ọbàtálá Centre sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pè kí ẹ tó lọ.

Àwọn ọ̀nà yòókù, ní ṣókí

Ìsẹ́yìn ni ti aṣọ òfì: ẹ béèrè sányán, àlàárì àti ẹtù, kí ẹ sì wo ẹni tó ń hun ún, kì í ṣe ẹni tó ń tà á nìkan. Ìlọrin ni ti ìkòkò. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń pè ní Dada ní Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Èsìẹ́, ní ọ̀nà Ọ̀fà, ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n ṣí i ní 1945 fún àwọn ère òkúta tó lé ní 800. Orúkọ àwọn tó gbẹ́ wọn ti sọnù, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ mọ́.

Bí ìrìn yín bá gbé yín dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ British Museum, ọ̀fẹ́ ni. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn láti 1924, nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ló jókòó lára rẹ̀, tó ń gba òyìnbó tí àwọn alárùú gbé wá lórí àga lálejò. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Lọ́dún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí tó wá ilé wọn wá, ibẹ̀ ni a sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹnìkan wá béèrè ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ lè ná an, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye ọjọ́ tó gbà kí ẹ tó sọ iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ kan lórí igbá kan kò yẹ kí a máa ná a bí ẹni ń ná tòmátì.

Ẹ wo igbá sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tó bá ti sán tàbí tí kòkòrò ti lu. Ní ti ère, ẹ béèrè bóyá igi rẹ̀ ti gbẹ. Igi tútù á là bó bá dé yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí wọ́n bá máa ká àwòrán orí aṣọ, ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀dà wà lóde, kí ó má bàa ya. Àdìrẹ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, aró rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí. Ìlù àti awọ ò gbọdọ̀ wà nínú bùùtù ọkọ̀ nínú oòrùn.

Ẹ má ra ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín níkọ̀kọ̀ pé ojúbọ tàbí ààfin kan ló ti jáde, bó ti wù kó pọ́n lójú tó. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde lórílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ wọn. Kódà bí ohun tí ẹ rà bá jẹ́ tuntun, tí ẹ sì fẹ́ gbé e wọ bàálù lọ sókè òkun, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn kí ẹ gba ìwé, torí wọ́n máa béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di àmúlùmálà: orúkọ, ìlú, agbo ilé, ọ̀gá, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ọjọ́. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ abẹ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú orúkọ yẹn, kí ọmọ yín lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ oníṣẹ́ ni kó ṣíwájú orúkọ ìlú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i.

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ náà lórí WhatsApp, níbi tí ẹ gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ tàbí tí ẹ gbé e kalẹ̀ sí. Bí kò bá ní fóònù ayélujára, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ní ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, ẹ padà pè é, ẹ ní kó ṣe igbá ẹrù ìyàwó tàbí ìlù fún yín. Ẹ sọ ìwọ̀n, ẹ sọ ọjọ́, ẹ san ìdajì owó ṣáájú, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lé sí iye tó ní òun máa lò, pàápàá lásìkò òjò tí igbá àti awọ kì í tètè gbẹ.